Rọ́bà Inú Orí Ọmọ: Ẹ Má Dúró Kí Ọjà Tú

Ẹ̀yin ìyá ọjà Ọ̀tà àti Sàngó, àwọn ọmọ kan wà tí omi kún orí wọn, tí dókítà ti fi rọ́bà tín-ín-rín sí i. Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa.

Gbogbo orí ló ní omi. Ọpọlọ àgbàlagbà ń ṣe tó ìdajì lítà lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì fa ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọ̀nà bá dí, omi á kún, á máa ti ọpọlọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Rọ́bà náà ń gba abẹ́ awọ gbé omi lọ sínú ikùn. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Fáàfù kékeré ló ń ṣọ́ omi náà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, John Holter, ló ṣe irú rẹ̀ kan ní 1956 nítorí ọmọ tirẹ̀. Nílé wa níbí, Dókítà Látúndé Ọdẹ́kù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn ní 1962.

Àmọ́ rọ́bà lè dí nígbàkigbà. Bí ọmọ bá ń bì, tó ń sùn jù, tí orí ń fọ́ ọ, tí àwùjẹ̀ ìkókó wú, tí ojú rẹ̀ ń wolẹ̀ ṣáá, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn tó ṣiṣẹ́ abẹ náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má pè é ní ibà lásán. Ẹ fi ìsọ̀ sílẹ̀, àwa á bá yín tajà. Ọjà á tún ná lọ́la. Ọmọ ò ṣeé rà lọ́jà.