Odò tí Tamale ń mu: òkè ló ti ń ṣàn wá

Àwọn àgbààgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí tí wọ́n ti ṣòwò rí ní ilẹ̀ Gánà kì í gbàgbé Tamale. Ìlú náà wà lára ibi tí àwọn Yorùbá tẹ̀dó sí kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá, ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá ti Kùmásí gba ojú títì lọ sí Tamale yóò sọdá odò ńlá kan ní Yapei. Odò yìí ni wọ́n ń pè ní White Volta.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Odò yìí kò gbàgbé orísun tirẹ̀. Àwa ènìyàn ni a máa ń gbàgbé.

Àríwá Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ni ó ti ṣẹ̀ wá, Nakambé sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ara orúkọ Volta ni wọ́n ti fa orúkọ orílẹ̀-èdè náà yọ, Upper Volta, kí Thomas Sankara tó yí i padà ní 1984. Odò náà wọ Gánà nítòsí Bawku, ó gba Red Volta mọ́ra, ó kọjá lábẹ́ afárá Pwalugu, ó gba Nawuni àti Daboya dé Yapei, kí ó tó wọ inú adágún Volta tí dáàmù Akosombo dá sílẹ̀ ní 1965. Adágún náà fẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ní Ada ni gbogbo omi náà ti ń dà sínú òkun.

Nawuni ni wọ́n ti ń fa omi tí wọ́n ń sẹ́ ní Dalun fún ìlú Tamale. Nítorí náà, ẹni tó gbé korobá sábẹ́ ẹ̀rọ ní àdúgbò Kalpohin, omi tó ti Burkina Faso wá ló ń pọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Burkina Faso sé odò náà ní Bagré, nítòsí ẹnubodè Gánà, nítorí iná mànàmáná àti omi oko. Àǹfààní rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí omi tí wọ́n ń tú díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í jẹ́ kí odò náà fà jù. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pọ̀ ní oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, dáàmù yóò kún, wọn yóò sì ṣí i. Lóòótọ́, wọ́n ń fi tó Gánà létí; ṣùgbọ́n ẹni tó gbin ọkà sétí odò kò lè gbé oko sá lọ. Ní 2007, omi Bagré pàdé òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá: ilé wó, oko bà jẹ́, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Àtúnṣe tí wọ́n ti ń sọ tipẹ́ ni pé kí Gánà kọ́ dáàmù tirẹ̀ sí Pwalugu, kí omi tó bá ti òkè wá lè rí ibi dúró sí. Ààrẹ Nana Akufo-Addo ṣe ìfilọ́lẹ̀ iṣẹ́ náà ní oṣù kọkànlá, ọdún 2019. Títí ó fi gbé ìjọba sílẹ̀ ní oṣù kìíní, ọdún 2025, kò sí dáàmù níbẹ̀.

Kí a tó fi Gánà rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ní 1982 ni Cameroon parí dáàmù Lagdo lórí odò Bẹ́núè. Ètò wà pé kí Nàìjíríà kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa láti gba omi náà dúró. A kò kọ́ ọ parí. Ní 2012 àti 2022, nígbà tí omíyalé gba ilẹ̀ wa kan, omi Lagdo wà lára ohun tó dá kún un.

Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò kò lè pàṣẹ fún ẹni tó ń gbé òkè. Àdéhùn àti ìmúrasílẹ̀ ló ní. Ní ti Volta, àdéhùn ti wà: orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí omi rẹ̀ kàn fọwọ́ sí i ní 2007. Ìmúrasílẹ̀ ló kù, lọ́dọ̀ tiwọn àti lọ́dọ̀ tiwa. Dáàmù tí a fi ẹnu kọ́ kò gba omi dúró rí.