Ọmọ Ọ̀yọ́ Tí Ó Fi Báàtì Ṣe Ohun Tí Ọmọ Áfíríkà Kan Kò Ṣe Rí

Iwájú ààfin Aláàfin ni ọjà Akẹ̀sán wà, níbẹ̀ ni mo sì ti ń ta aṣọ láti ìgbà ọmọge mi. Ní ẹ̀yìn ìsọ̀ wa, àwọn ọmọdé gbé pákó gbọọrọ lé orí búlọ́ọ̀kù, wọ́n to bíríkì sí àárín rẹ̀ dípò nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sọ ọ́ di tábìlì tẹníìsì. Bí ilé ìwé bá ti jáde, ariwo bọ́ọ̀lù wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́ iye tí oníbàárà ń ná ọjà.

Ọmọkùnrin mi wà lára wọn. Ó ku ọdún kan kí ó ṣe ìdánwò WAEC, máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò sì ń lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mo rán an níṣẹ́ tí kò tètè dé, mo lọ bá a nídìí pákó náà. Mo gba báàtì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì kì í bọ abẹ́ ìdì àǹkárá nínú ìsọ̀. Kò sunkún, kò sì jiyàn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ ju "Ẹ káàárọ̀, màámi" lọ.

Ẹ má tètè dá mi lẹ́bi. Nígbà tí iná jó ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìsọ̀ tèmi wà lára àwọn tí ó di eérú. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti tún ọjà náà kọ́, a sì ti padà sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ohun tí mo ń wá fún ọmọ mi ni iṣẹ́ tí iná kò lè jó. Ìwé nìkan ni mo mọ̀ tí ó rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan tí ó ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ wa ni ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyá aláṣọ, ṣé o mọ Quadri Aruna?"

"Bàbá, mo máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò yín."

"Ọmọ Ọ̀yọ́ yìí ni. Ká ní wọ́n kì báàtì tirẹ̀ náà bọ abẹ́ ìdì aṣọ ńkọ́?"

N kò rí èsì fọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ọkùnrin náà kiri lórí fóònù mi.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1988 ni wọ́n bí Quadri Aruna ní ìlú Ọ̀yọ́. Nígbà náà, Nàìjíríà ti ní orúkọ nínú tẹníìsì orí tábìlì. Atanda Musa ti fi báàtì gbé àsíá wa ga. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ṣẹ́gun Toriola àti Fúnkẹ́ Oshonaike dìde, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní ìgbà méje. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá di báàtì mú ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ẹni tí ń la igbó kìjikìji kọjá. Àwọn àgbà ti la ọ̀nà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jìn. Ní ọdún 2012, Aruna dé Òlíńpíìkì ní London, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti já a. Ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà. Ìyá tí ó bá wo ọjọ́ yẹn nìkan yóò ní kí ọmọ òun lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kò dá báàtì dúró. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Toledos, ẹgbẹ́ kan ní erékùṣù Azores ti orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, ní àárín agbami òkun, níbi tí kò sí ará Akẹ̀sán tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn London, ní 2014, ó wọ inú àwọn mẹ́jọ tí ó kù nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní Düsseldorf, ní Jámánì. Àjọ àgbáyé fún eré náà sì fi í ṣe ọkùnrin eléré tí ó tayọ jù lọ ní ọdún náà. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Sporting ní Lisbon, kí ó tó kọjá sí ẹgbẹ́ Fulda ní Jámánì.

Rio ni ó ti mú kí gbogbo ayé dìde dúró. Nínú Òlíńpíìkì ọdún 2016, ó fi 4 sí 0 na Chuang Chih-Yuan, àgbà òṣèré láti Taiwan. Ẹni tí ó kàn ni Timo Boll, ẹni tí ó ti wà ní ipò kìíní lágbàáyé rí, tí ó sì gbé àsíá Jámánì ṣáájú àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣíde. Aruna fi 4 sí 2 na òun náà. Kò sí ọmọ Áfíríkà tí ó ti dé ipele ẹni mẹ́jọ rí nínú tẹníìsì orí tábìlì ní Òlíńpíìkì. Ma Long ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó dá a dúró, Ma Long yìí náà ni ó sì gba wúrà.

Ní 2018, ó gba fàdákà nínú ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Gold Coast, ní Ọsirélíà. Ní 2021, ó tún wà lára àwọn mẹ́jọ tí ó kù nínú ìdíje àgbáyé ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, orúkọ rẹ̀ bọ́ sí ipò kẹwàá lágbàáyé. Ọmọ Áfíríkà kankan kò dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣe ẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye ọdún tí ó wà láàárín ṣámúṣámú àti ọjọ́ tí àṣàmú yóò dé. Láti ìgbà tí wọ́n bí Aruna títí di Düsseldorf jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Òkìkí kò sì dá ìjákulẹ̀ dúró: ní Paris ní 2024, ìpele àkọ́kọ́ ni ó tún ti jáde.

Ohun kan nínú eré yìí wọ̀ mí lára. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kó àmì 11 ni ó ni gèémù, bí ó bá sì fi ju àmì kan lọ. Bí wọ́n bá ti parí ọ̀kan, òfo ni àwọn méjèèjì yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ti rí ọjà mi nínú eérú, tí mo tún ti pàtẹ, mo mọ ohun tí bíbẹ̀rẹ̀ láti òfo ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. N kò mọ̀ pé pákó ẹ̀yìn ìsọ̀ mi ń kọ́ ọmọ mi ní nǹkan kan náà.

Mo pe ọmọ mi, a sì jọ sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ní òun kò ní fi ìwé sílẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó di báàtì mú ni yóò dé Rio. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni yóò kọ́kọ́ parí. Lẹ́yìn náà, wákàtí kan àbọ̀ jẹ́ ti báàtì. Mo ní èmi náà kò tún ní dójú tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo tú ìdì àǹkárá, mo sì dá báàtì rẹ̀ padà fún un.

Ní sáà tí ó kọjá, ó ṣojú ilé ìwé rẹ̀ nínú ìdíje kan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti nà án. Máàkì ìṣirò rẹ̀ gòkè díẹ̀, kò tíì tó bí mo ṣe fẹ́. Ó wọ ìsọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì jókòó sórí àpótí.

"Màámi, 11 sí 9 ni ó fi nà mí nínú èyí tí ó kẹ́yìn."

Mo bu oúnjẹ fún un. Mo ní kí ó jẹun, kí ó ṣe iṣẹ́ ìwé rẹ̀, pé pákó náà ṣì wà ní ẹ̀yìn ìsọ̀.