Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ń túmọ̀ rẹ̀, mo sì ń sọ ibi tí a ti lè lò ó: bí ẹni iyì méjì bá jọ ń rìn, tí aráyé sì sọ ọ̀kan di ọmọ-ọ̀dọ̀ èkejì. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé èmi fúnra mi kò lè nàka sí Àgùàlà lójú ọ̀run. Inú ìwé atúmọ̀-èdè ni mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde tí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé a ṣì lè rí i?" ojú tì mí.

A ṣì lè rí i. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní Venus. Bí a bá ti yọ oòrùn àti òṣùpá kúrò, kò sí èyí tí ó mọ́lẹ̀ tó o nínú gbogbo àwọn tí ń tàn lójú ọ̀run. Kì í ṣe ìràwọ̀ gan-an. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, bí ayé tí a wà yìí, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó sì ń dá padà sí wa. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni a fi ń rí i ní ìwọ̀-oòrùn lálaalẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wọlé bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tó tún yọ ní ìlà-oòrùn ní ìdájí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì máa pè é ní ìràwọ̀ òwúrọ̀, láìmọ̀ pé ẹni àná náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún òwe náà gbọ́ dáadáa. Ẹni tí ó pa á kò sọ pé ajá oṣù ni Àgùàlà. "Wọ́n ṣebí" ni ó wí. Ẹni tí ó bá wo ọ̀run lálẹ́ ọjọ́ kan péré, tí ó rí àwọn méjèèjì nítòsí ara wọn, kò jẹ̀bi bí ó bá pè é ní ajá. Ṣùgbọ́n òṣùpá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i kí ó tó wọ̀. Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgùàlà lálẹ́ òní, yóò ti kọjá rẹ̀ lọ́la, ó sì di nǹkan bí ọjọ́ 29 kí wọ́n tó tún pàdé. Ajá wo ni olówó rẹ̀ ń fi sílẹ̀ báyìí? Èmi gbà pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ "wọ́n ṣebí" ti jókòó síta ju alẹ́ kan lọ.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2025, mo rí oṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgùàlà nínú kùrukùru ọyẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé, oṣù tún padà wá bá a. Láàárín ìgbà náà, mo ń fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le. Orí ògiri kan náà ni mo ń gbé fóònù lé, ní agogo méje alẹ́, mo sì ń pàṣẹ fún un kí ó dúró díẹ̀ kí ó tó yà á, kí ọwọ́ mi má baà mì ín. Bí mo ti to àwọn àwòrán náà jọ, mo rí i bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí oòrùn ń wọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ̀nà, ó gba àárín àwa àti oòrùn kọjá. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kan náà lọ́dún 2017, yóò sì tún ṣe é ní ọjọ́ 20 rẹ̀ lọ́dún 2033. Ọdún mẹ́jọ mẹ́jọ ni ó fi ń padà sí ipò rẹ̀, ọjọ́ bíi méjì ààbọ̀ ni kì í jẹ́ kí ó pé géérégé.

Ìyanu tòótọ́ wà nínú awò tí í mú ohun òkèèrè súnmọ́ni. Àgùàlà ń tóbi, ó sì ń fá, bí òṣùpá! Galileo Galilei ará Ítálì ti rí i lọ́dún 1610. Nígbà tí ó bá jìnnà sí wa, ó kéré, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto; bí ó ti ń súnmọ́ wa ni ó ń tóbi sí i, tí ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí oṣù tuntun. Awò olójú méjì tí í sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10 tó láti rí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan gbé awò sójú kí oòrùn tó wọ̀ tán pátápátá. Ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti fọ́ ojú. Iná ìlú, tí í bo àwọn ìràwọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀, kò rí Àgùàlà gbé ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alẹ́ tí iná ọba bá lọ ni ọ̀run máa ń dùn-ún wò jù. (Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kò ní bá mi yọ̀ sí èyí.)

Ní ìparí oṣù Èrèlé náà, mo fẹ̀yìn fóònù ti ojú awò, mo sì ya Àgùàlà bí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Mo mú àwòrán náà lọ fún ìyá àgbà kan ní abúlé wa, ẹni tí ó mọ òwe yẹn kí a tó bí mi. Ó wò ó títí.

"Oṣù lé nìyí?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá, Àgùàlà ni."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún un wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, nígbà tí wọ́n wá jọra báyìí, èwo wá ni ajá èkejì nínú wọn?"