Ẹrù Tí Kò Ṣeé Fi Ránṣẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìmọ̀kan àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àìmọ̀kan ló gbé èmi àti ìyá mi dé iwájú àwọn tó ń bá ni kó ẹrù lọ sí òkè òkun ní ọdún tó kọjá. Ohun tí ojú wa rí níbẹ̀, àti ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ni mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé wa ti ọdún yìí. Mo mọ̀ pé ó ṣòro kí a tó rí ẹnì kan láàrin wa tí kò ní ẹbí ní ìdálẹ̀. Bí a kò bá fi ẹrù ránṣẹ́ sí wọn lónìí, a óò fi ránṣẹ́ lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì, ìyá mi di ẹrù bí ẹni tí ń sin ọmọ lọ sílé ọkọ. Ó di ẹran ewúrẹ́ gbígbẹ, pọ̀nmọ́, gàrí, ọṣẹ dúdú, aṣọ, ìgò àgbo kan tí a fi ògógóró rẹ, lọ́fíńdà, agolo oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín, àti pawabáǹkì tí èmi fúnra mi rà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ère ìbejì kan wà tí a fi aṣọ òfì wé. Kẹ́hìndé ni ìyá ìyá mi. Táyéwò rẹ̀ kú ní kékeré, àwọn òbí wọn sì gbẹ́ ère fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi í ránṣẹ́ kí àwọn ọmọ òun lè mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ìyá àgbà gbà. Ó ní òun ti darúgbó, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí òun bá lọ?

Ọmọbìnrin tó wà nídìí ìwọ̀n tú ẹrù náà palẹ̀. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wí pé, "Ẹ má bínú, mà, èyí kò lè lọ." Nígbà tó kan ẹran, ìyá mi fa ìbínú yọ: "Ṣé ẹran ewúrẹ́ ni yóò já bàálù? Ọmọ mi ni mo ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí o, kì í ṣe ọ̀tá!" Gàrí, ọṣẹ àti aṣọ nìkan ló lọ. Bí a ti ń kó ìyókù padà, ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí a lọ bo ẹran náà mọ́ inú gàrí, kí a sì gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Mo rí i lójú ìyá mi pé ó fẹ́ẹ́ gbà. Èmi náà kò sì mọ ìdáhùn tí mo lè fún un. Ìdí nìyí tí mo fi lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Òfin tó ká ìyá mi lọ́wọ́ kò yàtọ̀ sí òfin tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ káàkiri ayé, ìdí mẹ́ta ni mo sì rí nínú rẹ̀. Èkíní ni ẹ̀mí àwọn tí yóò gbé ẹrù náà. Èkejì ni ìlera ilẹ̀ tí ẹrù náà ń lọ. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí ẹrù náà ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí á mú èkíní. Ọ̀nà 9 ni àwọn aláṣẹ ìrìnnà òfuurufú pín ohun eléwu sí: ohun tó ń bú gbàù, gáàsì, ohun olómi tó ń gbiná, ohun líle tó ń gbiná, bí ìṣáná, ohun tó ń ran iná lọ́wọ́, májèlé àti ohun tó ń kó àrùn ranni, ohun tó ní ìtànṣán olóró, ásíìdì àti irú rẹ̀ tó ń jẹ irin jẹ ara, àti àwọn eléwu yòókù, níbi tí bátìrì lithium wà. Ẹ wo ẹrù ìyá mi pẹ̀lú ojú yìí. Gáàsì tí a fipá há ló wà nínú agolo oògùn ẹ̀fọn. Ọtí tó ń gbiná ló wà nínú lọ́fíńdà àti nínú ògógóró tí a fi rẹ àgbo. Bátìrì ni pawabáǹkì látòkè délẹ̀. Bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, tàbí tí irin kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó lè gbóná títí yóò fi gbiná, iná rẹ̀ a máa ràn mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pípa rẹ̀ a sì máa ṣòro.

Ẹ má rò pé àbá lásán ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996, ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra ní Miami ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn páálí kan wà ní ikùn rẹ̀ tí ohun èlò tó ń pèsè afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà nínú wọn. Ìwé tó bá ẹrù náà lọ sọ pé òfìfo ni wọ́n. Wọn kì í ṣe òfìfo. Iná sọ lókè, ọkọ̀ náà já sínú irà Everglades, gbogbo èèyàn 110 tó wà nínú rẹ̀ ló sì kú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, iná sọ nínú ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù kan tó gbéra ní Dubai, tí bátìrì lithium pọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Àwọn awakọ̀ méjèèjì kú. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n ti fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bátìrì lithium oníná àgbàsí nìkan ránṣẹ́ bí ẹrù nínú ọkọ̀ tó ń gbé èrò. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tirẹ̀, bíi ti fóònù, ní ìlànà tirẹ̀.

Ìdí kejì ló dá ẹran ìyá mi dúró. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹni kọ̀ọ̀kan fi ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe ránṣẹ́ láti Nàìjíríà. Gbígbẹ tí a gbẹ ẹran kì í pa gbogbo àrùn inú rẹ̀. Ní ọdún 2001, àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu jà láàrin àwọn ẹran ọ̀sìn wọn, ó sì lé ní mílíọ̀nù 6 ẹran tí wọ́n pa kí ó tó dáwọ́ dúró. Nígbà tí ìjọba wọn wádìí rẹ̀, ohun tí wọ́n rí pé ó ṣeé ṣe jù ni pé ẹran tí ẹnì kan yọ́ kó wọ̀lú ló bá àjẹkù oúnjẹ lọ sẹ́nu ẹlẹ́dẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Nítorí irú èyí náà ni irúgbìn àti ewéko tútù fi sábà máa ń nílò ìwé ẹ̀rí ìjọba pé kòkòrò kò sí lára wọn.

Ohun ìyanu kan wà níbi òfin yìí. Ẹran ààyè kì í gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n òfin àgbáyé ti ìfìwéránṣẹ́ yọ oyin, eṣúṣú àti kòkòrò tó ń ṣe sẹ́dà sọ́tọ̀. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí eṣúṣú ààyè gba ibi tí ẹran ewúrẹ́ gbígbẹ ìyá mi kò lè gbà!

Ìdí kẹta ló kan àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1938, wọ́n hú àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó wá kọ́ nípa àṣà wa, ra méjì nínú wọn, ó kó wọn lọ sí ilẹ̀ rẹ̀, ó sì dá wọn padà ní ọdún 1950. Òmíràn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọdún 1953, ni wọ́n ṣe òfin lórí ohun àjogúnbá ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1979 sì wá gba ipò rẹ̀. Òfin 1979 yìí ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ohun àjogúnbá jáde kúrò ní ilẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣe àkóso ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí a ṣe ṣáájú ọdún 1918 wà lábẹ́ rẹ̀. Ère ìyá àgbà kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà tún kan iṣẹ́ ọnà tó ní iyì ìtàn tàbí ti ẹwà, tí a sì ti lò rí nínú ètò ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n ti fi oúnjẹ bọ ère yìí, wọ́n ti fi osùn kùn ún, wọ́n ti pọ̀n ọ́n jó. Kò sí ẹni tó ní kì í ṣe tiwa. Ohun tí òfin sọ ni pé kì í ṣe tiwa nìkan.

Kí ni kí á wá ṣe? Kí a béèrè kí a tó di ẹrù, nítorí òfin ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Kí a kọ ohun tó wà nínú ẹrù wa bó ti rí gan-an. Bí ó bá jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí a kọ́kọ́ gbé e lọ fún àwọn àjọ náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a má fi nǹkan pa mọ́ sínú gàrí. Ì báà jẹ́ awakọ̀ òfuurufú, ì báà jẹ́ dérébà tí a gbé wébíìlì fún ní gáréèjì, ẹni tó ń bá wa gbé ẹrù kò rí inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló gbẹ́kẹ̀ lé. Bí a bá parọ́ fún un, ẹ̀mí rẹ̀ la fi ta tẹ́tẹ́. Èyí ni mo sọ fún ìyá mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ẹran náà wá kí a fi se ọbẹ̀.

Ó wá ku ti ère. A rántí àrokò tí a kọ́ ní kíláàsì: ẹyọ owó 6 tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà, 8 tí èkejì fi dá a lóhùn sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Kì í ṣe iye owó ẹyọ náà ló rìn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni. Nítorí náà ni mo ṣe gbé fóònù síwájú ìyá àgbà, ó gbé ère náà lé itan, ó sì kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ orúkọ agbẹ́gilére tó gbẹ́ ẹ, ó sọ ọdún ọlọ́dẹ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó sì sọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń fún un jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ ní Leeds, òun àti ìbejì rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó béèrè bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà, ìyá àgbà mi orí.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó tì mí," ló wí. "Bí àwọn ọmọ náà bá fẹ́ rí Táyé mi, kí wọ́n wá kí i nílé."