Ẹ Tètè Dá Adìẹ Tí Kò Yá Mọ̀

Adìẹ a máa fi àìsàn pamọ́. Bí ó bá rí i pé ènìyàn ń bọ̀, yóò gbé orí sókè, yóò sì máa ṣá ilẹ̀ jẹ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Nítorí náà, kùtùkùtù òwúrọ̀, bí ẹ bá ti ń ṣí ilé adìẹ, ni kí ẹ wò wọ́n dáadáa. Èyí tí kò sáré wá síbi àgbàdo, tí ó káko bí ẹni tí òtútù ń mú, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀, ara rẹ̀ kò yá. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ń ṣàn bí omi, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí ewé, ẹ fura sí lúkúlúkú, àrùn tí í máa ń pa adìẹ rẹpẹtẹ nígbà ọyẹ́. Ó lè máa ya ẹnu mí. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ọrùn rẹ̀ lè lọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé e lọ sí ọjà. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ pàdánù owó, ṣùgbọ́n àgò tí ẹ fi gbé e lọ lè gbé àrùn náà padà wálé. Ẹ yà á sọ́tọ̀. Kò sí oògùn tí í wo lúkúlúkú. Àjẹsára ni a fi í dènà rẹ̀, adìẹ tí ara rẹ̀ yá nìkan ni a sì í lò ó fún. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom ń ṣe irú èyí tí ó bá adìẹ ìbílẹ̀ mu: ẹ ó kán an lẹ́ẹ̀kan péré sí ojú kan, ẹ ó sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3 sí 4. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí ẹ ti ṣe é.