Ọjọ́ Méjì ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn, tí ó sì ń gba Abẹ́òkúta kọjá, kò sí ìsinmi ilé-ìwé kan tí àwọn ojúlùmọ̀ kì í bi mí pé, "Tíṣà, ǹjẹ́ a lè mú ọmọ kékeré wá wo Olúmọ, kí a sì padà sílé ní ọjọ́ kejì?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó ṣeé ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí gbogbo Abẹ́òkúta ní ọjọ́ méjì pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹkún ọmọ ni yóò rí jù.

Àbúrò mi obìnrin tí ó ń ta aṣọ ní Èkó pè mí lórí fóònù nígbà tí ìsinmi kan ń bọ̀. Ó ti kọ orúkọ ibi tí wọn yóò dé sínú ìwé: Olúmọ, ààfin Aké, ọjà aláàdìrẹ ní Ìtòkú, ilé ìkàwé Ọbásanjọ́, odò Ògùn, àní ó tún fẹ́ dé Ọ̀fadà lọ ra ìrẹsì. Mo ní, "Ọjọ́ mélòó?" Ó ní, "Ọjọ́ méjì ni, bọ̀ọ̀dá mi." Mo ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni o ń bọ̀ ni, tàbí ìwọ àti ọmọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó kọ orúkọ ìyá wa sí, ìyá tí ó ti lé ní ọdún 80, tí kò sì fojú kan ọmọ náà mọ́ láti ọjọ́ ìkómọ. Mo ní kí ó pa ìdajì ìwé náà rẹ́, kí ó sì gbé ìyá wa wá sí òkè. Àpáta yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá òní; a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa àgbàlagbà.

Ètò tí mo bá a ṣe kò le rárá: ohun kan ní òwúrọ̀, oorun ní ọ̀sán, ohun kan ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọdé tí kò bá sùn lọ́sàn-án kò ní jẹ́ kí àgbà gbádùn ìrọ̀lẹ́. Àwa tí a ti kọ́ kíláàsì àwọn ọmọ kékeré rí mọ èyí, ìdí nìyẹn tí a kì í fi ìṣirò sí ìparí ọjọ́.

Ní ti ọ̀nà, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra. Ibùdókọ̀ ti Abẹ́òkúta wà ní Ládérin, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Fún ọmọdé, ó dára ju mọ́tò lọ, nítorí ọmọ lè dìde dúró, ó lè máa wo igbó àti ilé bí wọ́n ti ń kọjá, ilé ìtọ̀ sì wà nínú ọkọ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ẹ sì yẹ aago wò lẹ́ẹ̀mejì, nítorí èyí tí ó bá ti lọ ti lọ nìyẹn. Ládérin jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú. Ẹ ti bá ẹni tí yóò wá gbé yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má gbé ọmọdé gun ọ̀kadà, bí ó ti wù kí onítọ̀hún bẹ̀ yín tó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà wa. Ẹ wọ takisí, tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá, kí ọmọ sì jókòó sí àárín.

Wàyí o, Olúmọ. Ṣóńṣó àpáta náà ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú wọn nínú igbó Ẹ̀gbá. Kòtò tí àwọn obìnrin ń lọ oúnjẹ nínú rẹ̀ ṣì wà lára òkúta náà di òní olónìí. Ọmọdé kò bìkítà fún 1830, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún un pé ibí yìí ni àwọn ìyá ti ń lọ nǹkan tí ọmọ wọn yóò jẹ nígbà tí ọ̀tá ń wá wọn kiri, ẹ ó rí i pé yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò ki ọwọ́ bọ kòtò náà. Ihò tí wọ́n sá pamọ́ sí kò ga. Àgbà níláti tẹ̀ba kí ó tó wọlé. Ọmọ tiwa dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, ó sì ń fi bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, nítorí lọ́sàn-án òkúta a máa gbóná bí agbada. Bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú ni kí ọmọ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti ọmọ kò wúlò níbẹ̀. Ọ̀já ni kí ẹ mú dání, nítorí ọmọ tí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè, ẹ̀yìn ni yóò bá sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ agbénigòkè síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ní ẹnu ọ̀nà bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì múra bí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ gùn ún. Kò pọn dandan kí gbogbo yín dé ṣóńṣó. Ọkọ àbúrò mi nìkan ni ó gùn dé ibẹ̀. Àwa yòókù jókòó sábẹ́ ibòji, a ń jẹ àkàrà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ya fọ́tò, kí ẹnìkan di ọmọ mú, kí ẹlòmíràn yà á. Ọwọ́ kan náà kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì lórí àpáta.

Ìtòkú kò jìnnà sí Olúmọ. Ẹ bẹ aláàdìrẹ kan kí ó fi aṣọ oníko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró hàn ọmọ, kí ó tú u níṣojú rẹ̀: ibi tí okùn ti dì í mú yóò jáde ní funfun. Ti ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń kọ ọ̀nà sí i lára, aró kì í sì wọ ibi tí ẹ̀kọ náà bá wà. Èyí tó fún ọmọdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ná ọjà gidi, kí ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Kí ẹ tó wọ ọjà, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé pélébé, kí ẹ fi sí àpò ọmọ. Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú Aké, ìwé tí ó jáde ní 1981, bí òun ti tẹ̀lé ẹgbẹ́ onífèrè ọlọ́pàá kúrò nílé nígbà tí òun kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, tí òun sì rìn títí dé Ìbarà. Láyé ìgbà náà, wọ́n rí i dá padà. Ọkọ̀ kò tíì pọ̀ lójú títì tó báyìí.

Mo ti sọ pé ìyá wa ni mo fi ṣáájú. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń fèsì, Gẹ̀ẹ́sì ìyá wa kò sì kọjá "gúmọ́nì". Nítorí náà ni mo ṣe ní kí àbúrò mi máa kọ́ ọ ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: bí a ti ń kúnlẹ̀, bí a ti ń kí àgbà, àti oríkì tirẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá wa. Ọmọ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá àgbà." Ìyá wa ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi," kò sì tún un ṣe fún un. Lẹ́yìn èyí àwọn méjèèjì jókòó ti àtẹ ẹ̀gúsí, wọ́n ń bó o. Àbúrò mi ń wo aago nítorí ilé ìkàwé Ọbásanjọ́. Mo ní kí ó jókòó. Ó jókòó.

Ilé ìkàwé yẹn, tí wọ́n ṣí ní Òkè-Mọ́sàn ní oṣù kẹta 2017, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni a fi wò ó. Ọgbà ẹranko rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ wọ inú ilé tí wọ́n kó àwọn ohun ìtàn sí.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má fi láfún ọmọ Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí kò jẹ ẹ́ rí. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín. Bí ẹ bá ra ìrẹsì ọ̀fadà, ẹ ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ata rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Bí inú bá ń ṣu ọmọ, ẹ po ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà, kí ẹ gé ojú rẹ̀ dọ́gba, sínú omi sísè lítà 1, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, tàbí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá padà sí Èkó: Sacred Heart wà ní Lántòrò láti 1895, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdí-Abà.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ni ó dára jù láti wá, nítorí òkúta a máa yọ̀ lákòókò òjò. Ohun kan tí àlejò kì í sábà rántí ni Orò. Ní ọjọ́ Orò, obìnrin kì í jáde ní àdúgbò tí ó bá kàn, ìyá tí ó bá gbé ọmọ wá láti Èkó lè lo ìsinmi rẹ̀ nínú yàrá. Ẹ pe ẹnìkan tí ó ń gbé ìlú, kí ẹ béèrè ọjọ́, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.