Púrótéènì Wà Níbẹ̀, Ṣé Ó Ń Ṣiṣẹ́?

Kí ara tó lè kọ́ iṣan, ohun kan gbọ́dọ̀ jí àwọn jíìnì iṣan. Púrótéènì tí wọ́n ń pè ní MEF2 wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ó máa ń dì mọ́ DNA lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìnì kí sẹ́ẹ̀lì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọmọ eku tí kò bá ní ẹ̀yà rẹ̀ kan, MEF2C, inú oyún ló ti ń kú, torí ọkàn rẹ̀ kì í dàgbà bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, MEF2 lè wà lórí DNA kí àwọn púrótéènì mìíràn dì í lọ́wọ́, kó má lè ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ka iye gílóòbù inú ilé kò tíì mọ èyí tó ń tàn. Ọ̀kan lára ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni fọ́síféètì, èròjà kékeré kan tí sẹ́ẹ̀lì ń so mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àǹtíbọ́dì tó ń dá MEF2 tó ti gba fọ́síféètì mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì gbà á jẹ́ irinṣẹ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré, bí wọ́n bá ti dán an wò dáadáa.

Iṣan ehoro ni Edmond Fischer àti Edwin Krebs fi ṣiṣẹ́ ní Seattle ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n fi rí i pé sẹ́ẹ̀lì máa ń so fọ́síféètì mọ́ púrótéènì láti fi yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1992. Ní 1997, àwọn olùwádìí fi hàn pé ẹ́ńsáìmù kan, p38, ń so fọ́síféètì mọ́ MEF2C, lára ibi tó sì ń so ó mọ́ ni ámínò ásíìdì tó wà ní ojúkò 293 àti 300. Ohun kékeré ni: nǹkan bí 80 dáltọ̀n lára púrótéènì tó tó nǹkan bí 50,000. Láti rí àǹtíbọ́dì tí yóò mọ ìyàtọ̀ yìí, wọ́n á ṣe ègé púrótéènì kúkurú tó ní fọ́síféètì lára, wọ́n á so ó mọ́ púrótéènì ńlá kan, wọ́n á sì gún un sára ehoro. Bó bá yá, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oríṣiríṣi àǹtíbọ́dì tí ara ehoro ti ṣe láti fi mú ègé náà ló máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn mìíràn kò sì bìkítà bóyá fọ́síféètì wà tàbí kò sí. Wọ́n á wá da omi ẹ̀jẹ̀ náà gba inú ọ̀pá tó ní ègé tí kò ní fọ́síféètì. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á yọ ọ́ sọ nù.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo púrótéènì ti sọ gbogbo wàhálà yìí di ohun àtijọ́. Lóòótọ́, ẹ̀rọ náà lè tọ́ka sí ojúkò fọ́síféètì láìlo ehoro kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Àǹtíbọ́dì ní tirẹ̀ lè fi hàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù pé sẹ́ẹ̀lì yìí ti gba fọ́síféètì, pé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tíì gbà á. Àtakò tó wúwo jù ni pé àǹtíbọ́dì máa ń ṣìnà. Mi ò lè jiyàn èyí: MEF2A àti MEF2C jọra púpọ̀ ní àyíká ojúkò wọ̀nyẹn, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan lè mú èkejì. Àmọ́ ìdánwò wà tó ń tú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fó. Fi ẹ́ńsáìmù tó ń gé fọ́síféètì kúrò sí i; bí àmì bá ṣì hàn, irọ́ ni. Pààrọ̀ ámínò ásíìdì ojúkò náà sí èyí tí kò lè gba fọ́síféètì, kí o tún wò ó. Kí o sì fi iye gbogbo MEF2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé ìwádìí tó bá gbé àwòrán àǹtíbọ́dì jáde láìsí àwọn ẹ̀rí yìí, kò yẹ kí olóòtú kankan gbà á wọlé.